Òkìtì Ẹ̀yìnkùlé Àrìnpé

Àrìnpé ní òun ò kúrò l'Áráròmí, létí òkun Ìlàjẹ, ẹni tí kò bá sì mọ Àrìnpé ló lè rò pé àwàdà ni. Òkun ti gbé ilé mẹ́ta tó wà níwájú tiẹ̀ lọ. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ mọ́ tí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà òun náà. Godwin, ọmọ rẹ̀ tó ń kan ọkọ̀, ti kọ́ yàrá méjì dè é ní Zion Pepe, níbi tó jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n etí ikún ni ìyá kọ sí i. Iyanrìn ló ń rù ní tiẹ̀, ó ń dà á sórí òkìtì ẹ̀yìnkùlé.

Òkìtì yìí kì í ṣe òkìtì lásán. Nígbà ogun Bíáfrà, Àrìnpé kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Rédíò ní kí oníkálukú gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé rẹ̀, kó lè ríbi sá sí bí ọkọ̀ òfúrufú bá ń ju bọ́ǹbù. Ó dájú pé ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn kò dé Ìlàjẹ rí! Bàbá Àrìnpé gbẹ́ ẹ dé orúnkún, omi sun, ó kún un. Ó gbẹ́ òmíràn, omi tún kún un, àwọn ọmọ sì sọ ọ́ di ibi ìwẹ̀. Ni inú bá bí ọkùnrin náà. Ó dojú ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ tó tóbi jù dé sórí òpó àgbọn kúkúrú, ó kó iyanrìn bò ó, ó ní kí bọ́ǹbù máa bọ̀.

Ọkọ̀ òfúrufú kan ṣoṣo ló kọjá, kò sì ju nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Àrìnpé rántí bí gbogbo wọn ṣe rún mọ́ra lábẹ́ ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì tún balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbikíbi mọ́. Ọdún tí ogun parí ni àìsàn mú bàbá náà lọ, kò sì sí èyí tó lè wa ọkọ̀ ńlá nínú àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀.

“Ìyé, ogun ti parí tipẹ́,” Godwin ń bẹ̀ ẹ́. “Òkun ló ń bọ̀ yìí.”

“Ọma mi, ohun tí bàbá mi sọ kẹ́yìn ni pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iyanrìn tán lórí rẹ̀. Ṣé kí n wá da ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù torí pé omi ń kan ẹsẹ̀ mi?”

Godwin padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òkun ru, ìgbì gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, ó sì wọ́ ìdajì òkìtì lọ. Àrìnpé kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa iyanrìn padà, ó ń sunkún. Godwin sáré dé, ó fẹ́ fa ìyá rẹ̀ dìde, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe bọ́ sára igi tó yọ síta. Ó kan igi náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ó tún un kàn.

“Ìyé, igi yìí ò jẹrà! Kò là! Oòrùn ò rí i láti ọjọ́ yìí wá.”

Àrìnpé dáwọ́ iyanrìn dúró. Ta ni kò mọ̀ n'Ílàjẹ pé oòrùn ló ń la ọkọ̀? Ọmọdé ibẹ̀ gan-an mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n máa fi nǹkan bò ó. Òun tó sì ti ń da iyanrìn fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún kò ronú kàn án rí pé ọkọ̀ ni òun ń tọ́jú. Ojú tì í, ẹ̀rín sì pa á pọ̀ mọ́ ẹkún.

“Háà, bàbá mi! Bó bá fẹ́ ká jókòó síbí ni, ìbá fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wa?”

Ọkùnrin mẹ́wàá ló kó iyanrìn kúrò, tí wọ́n sì yí ọkọ̀ náà dojú sókè. Godwin fi òwú àti ọ̀dà dí ojú ibi tó lè jò, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n tì í sínú odò ẹ̀yìn ìlú, wọ́n kó ẹrù sí i láti máa lọ sí Zion Pepe. Àrìnpé jókòó níwájú. Rejoice, ìyàwó Godwin, ń ṣọ́ ọ bóyá yóò tún sunkún.

“Ìyé, ẹ ò wo ilé lẹ́ẹ̀kan sí i?”

“Ta ló ń wa ọkọ̀ tó ń wo ẹ̀yìn? Gba àjẹ̀ kan dání, ìyàwó, ọ̀nà wa jìn.”