Àsíá Pupa Lójú Ọ̀nà Ìsẹ̀

Ohun tí ẹ ń rò lọ́kàn náà ni: Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ kò débi oyè rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ nígbà náà, gbogbo ọ̀nà ló sì fẹ́ di tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀ lásìkò tí wọ́n gbẹ́ títì nítorí afárá, tí agbaṣẹ́ṣe fi katapílà rẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ, kò ní béèrè ìdí.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn ni wọ́n fẹ́ fi í jẹ Bàbá Ìjọ ní ìlú rẹ̀, Emùré. Òun ni ìjọ yàn; Ọládiípọ̀, àgbẹ̀ kòkó, ni igbá kejì. Àṣà wọn kò le: Bíṣọ́ọ̀bù á pe orúkọ, ẹni tí a pè á kúnlẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, igbá kejì á kúnlẹ̀, oyè di tirẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ìbídàpọ̀ ló kọ òfin náà fúnra rẹ̀ nígbà tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ, nítorí àwọn tí kì í tètè dé.

Prínsípà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Agbádá funfun, fìlà funfun, Pijó funfun. Àjíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Emùré.

Níbi afárá, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kan ló kù, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì gbà. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ti yan ara wọn sípò: okùn níhìn-ín, okùn lọ́hùn-ún, aṣọ pupa lórí igi. Ẹni tó bá fún wọn ní nǹkan omi ni wọ́n ń ṣí okùn fún. Lọ́jọ́ náà, apá méjèèjì ṣí okùn pọ̀. Ọkọ̀ agbégi láti Ìsẹ̀ àti bọ́ọ̀sì láti Ìkẹ́rẹ́ forí korí, kò sẹ́ni tó fẹ́ fà sẹ́yìn.

"Bàbá Tọ́lá," Àjíkẹ́ ní, "ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ kọjá, ká gun ọ̀kadà lódì kejì."

"Ọ̀kadà? Kí agbádá mi máa fẹ́ lẹ́lẹ́ wọ Emùré bí aṣọ tí wọ́n sá?"

"Ṣé agbádá ni wọ́n fẹ́ fi jẹ Bàbá Ìjọ ni?"

Ó sọ̀kalẹ̀, ó já àsíá pupa gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, Fúnṣọ́.

"Bàbá, uṣẹ́ wa rèé o!"

"Uṣẹ́ tí ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!"

Ohùn tí wọ́n fi ń to ọmọ iléèwé lórí ìlà ló fi sọ ọ́. Ni bọ́ọ̀sì bá fà sẹ́yìn, agbégi kọjá. Ìsẹ̀ wá díẹ̀, Ìkẹ́rẹ́ lọ díẹ̀. Àwọn awakọ̀ ń fun fèrè: "Prínsípà! Ẹ kúkú bá wa darí ìjọba náà!" Bàbá ń gbé àsíá sókè bí ẹni gbé ọ̀pá àṣẹ. Fúnṣọ́ gun orí katapílà, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ó tó, ẹ wọkọ̀," Àjíkẹ́ ń pè.

"Ó ku díẹ̀."

Ìgbà náà ni ọkọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù yọ láti Ìkẹ́rẹ́. Bàbá dá gbogbo ayé dúró, ó tẹrí ba, ó na àsíá síwájú. Bíṣọ́ọ̀bù yí gíláàsì sílẹ̀. "Ẹ ṣé, bàbá. Olúwa á bù sí i fún yín." Ó kọjá.

"Ẹ tẹ̀lé wọn!" Àjíkẹ́ pariwo.

"Fara balẹ̀. Ṣebí o rí i pé wọ́n rí mi? Wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí mi. Jẹ́ kí n rán àwọn tó kù lọ."

Nígbà tó wá sọ àsíá sílẹ̀ tó wọkọ̀, apá méjèèjì ya wọ̀nà. Pijó funfun há sáàárín: tírélà níwájú, takisí lẹ́yìn, kòtò lọ́tùn-ún, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ lósì. Ilẹ̀kùn kò ṣí tó èyí tí agbádá lè gbà jáde. Ó yọrí lójú fèrèsé.

"Fúnṣọ́! Jọ̀ọ́, ọmọ mi, gbé àsíá!"

Fúnṣọ́ bó ẹ̀pà. "Bàbá, ẹ ní a ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Àjíkẹ́ ká gèlè rẹ̀, ó fi bojú, ó sùn.

Ní Emùré, Bíṣọ́ọ̀bù pe orúkọ Ìbídàpọ̀, ó tún un pè. Ọládiípọ̀ ló kúnlẹ̀. Nínú ìwàásù, Bíṣọ́ọ̀bù ní kí ìjọ fi bàbá arúgbó kan sádùúrà, ẹni tí ọjọ́ ogbó bá lẹ́nu iṣẹ́ àsíá lójú títì.

Oṣù tó ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n gbé Bíṣọ́ọ̀bù náà wá sọ́dọ̀ wa. Kò rí Ìbídàpọ̀ rí.