Àfọ́kù Àwo Méjìlélógún

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Houston, mi ò sì ní purọ́, ipò náà dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà, ìpàdé yẹn nìkan ló kù tí ẹnikẹ́ni ti ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́, inú bí mi gan-an.

Gbémi, ọmọ mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìtàn, ló ti sọ̀rọ̀ Áténì fún mi, ìlú àwọn Gíríìkì àtijọ́. Ó ní gègé ni wọ́n ń ṣẹ́ láti mú ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba wọn. Bí agbára ẹnìkan bá sì fẹ́ pọ̀ jù, àwọn ará ìlú á kọ orúkọ rẹ̀ sára àfọ́kù ìkòkò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù á fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n wọn ò ní fọwọ́ kan ilé àti oko rẹ̀.

“Bí a ṣe máa ṣe nìyẹn!” mo pariwo ní ìpàdé. “Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù, kó gbé ipò sílẹ̀!” Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Habeeb, ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ náà, fọ́ àwọn àwo àtijọ́ sínú ọ̀rá. Àwa méjìlélógún mú àfọ́kù kọ̀ọ̀kan, kí a kọ orúkọ sí i, kí a sì jù ú sínú abọ́ kan. Èmi ò kọ nǹkan kan sára tèmi. Mo kàn dì í mọ́wọ́. Gbémi, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ló bá wa kà á.

“Dádì wa,” ló kọ́kọ́ kà. “Bàbá Gbémi. Alága wa. Dádì. Dádì.”

Gbogbo mọ́kànlélógún, èmi ni.

Àfi bí Gbémi ṣe bú sẹ́rìn-ín. “Guys, kò sí èyí tó count o! Ní Athens, orúkọ gan-an ni wọ́n ń kọ.”

“Aunty, abeg!” Azeezat dáhùn, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún tó kọjá. “Ta ló máa kọ orúkọ Dádì lásán? Ṣé a ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni?”

“Òfin lòfin,” ni Habeeb wí. “Dádì ṣì ni alága.”

Ó yẹ kí n yọ̀. Mo kó àwọn àfọ́kù náà jọ, mo ń wò wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní pé: “Ẹ ṣé tí ẹ wá gbé mi ní airport.” Lẹ́yìn òmíràn: “Ẹ rántí BP yín, sà. Ẹ sinmi.” Omi bọ́ lójú mi. Àwọn tó fẹ́ yọ mí nípò ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún mi! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi wọ́n jíǹkí mi. Kí ni mo tún ń wá lórí àga?

Mo gba kálàmù, mo kọ orúkọ mi gan-an sára àfọ́kù tèmi: Láyíwọlá Akínṣọlá. Mo jù ú sínú abọ́.

“Ó ku ẹyọ kan,” ni mo wí. “Ìyẹn bófin mu. Gbémi, kà á.”

Ó mú un. Ó wò ó, ó wò mí. Ó la ẹnu, orúkọ náà ò jáde. Ọmọ tí a bí sí Houston yìí bá kúnlẹ̀.

“Dádì mi,” ló kà.