Ata Inú Ìkòkò Tábà

"Ta ló gbé nǹkan yìí sínú abọ́ tí mo fi ń po ẹyin?"

Olúwatóyìn kò retí ìdáhùn, torí ó mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ṣùkù àgbàdo kan ló wà nínú abọ́ náà, wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀, eérú àti oyin sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ikun. Ó dá ṣùkù náà mọ̀. Akínladé, ọkọ rẹ̀, ló jẹ àgbàdo orí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló sì jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, sórí egungun ẹja. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló lọ tọwọ́ bọ ìdọ̀tí, tó tún gbé e jáde. Olúwatóyìn sáré lọ tu itọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni, uyàwó," Màmá Àgbékẹ́ dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Ìjẹ̀ṣà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ rí. "Jọ̀ọ́, má dà á nù. Mo fẹ́ tún inú ìkòkò tábà mi rẹ́ ni. Bí a ò bá fi eérú àti oyin rẹ́ ẹ, uná á jẹ ṣùkù náà."

"Oyin tí mo rà fún ikọ́, Màmá?"

"Ìka kan péré ni mo fi bù ú."

Ìka kan! Ìka wo nínú ìka yẹn? Olúwatóyìn ṣí ìgò oyin náà wò, ó rí fọ́nrán irun funfun kan tó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Ó dé e padà, ó sì ti ìgò náà jìnnà sí ara rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Akínladé lọ gbé ìyá rẹ̀ wá sí Òṣogbo láti Ọ̀tan-Ilé. Obìnrin náà ṣubú lẹ́bàá kànga, kò sì sí ẹni tó gbọ́ igbe rẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì ń ṣe bàìbàì. Ìkòkò tábà alámọ̀ tó ti ń fà láti ìgbà tó ti bímọ àkọ́kọ́ fọ́ nínú mọ́tò lọ́nà, Olúwatóyìn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀. Àṣé ọpẹ́ ti yá jù.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá àgbà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Ó fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹja gbẹ́ inú ṣùkù. Ó ki irin agbòòrùn bọ iná títí ó fi pọ́n, ó fi lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bírò tí Olúwatóyìn ń mú lọ sí ọ́fíìsì ní Àbẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀pá rẹ̀. Nígbà tí ike náà yọ́, tí gbogbo ilé ń rùn bí ibi tí wọ́n ti ń sun táyà, ó lọ ṣẹ́ ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, ó sì fi òwú dì í. Àárọ̀ àárọ̀ ni yóò fi ìyẹ́ adìyẹ ti inú ọ̀pá náà, omi dúdú kan á sì máa kán sórí sìmẹ́ńtì tí ìyàwó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kí a má parọ́, ó ń rí ènìyàn lára.

Òórùn náà kò tilẹ̀ mọ ní ilé. Ó ń bá Olúwatóyìn wọ takisí. Lọ́jọ́ kan, Jẹ̀lílì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ọwọ́ bo imú, ó ní, "Àǹtí, ṣé ọkọ yín ti ń mu sìgá ni?" Gbogbo mọ́tò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó díákónì ni Olúwatóyìn.

Ó sunkún fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Akínladé sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Màmá, bí tábà yìí bá tún fa wàhálà kan ṣoṣo, Ọ̀tan-Ilé ni n óò dá yín padà sí." Ìyá náà kàn mi orí.

Nítorí náà ni Olúwatóyìn ṣe dúró lé abọ́ eérú àti oyin náà lórí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yìí, tó ń wò ó. Ata gígún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bu ṣíbí kan, ó pò ó mọ́ eérú. Pupa rẹ̀ hàn kedere, ṣùgbọ́n ojú ta ni yóò rí i? Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé bí ó bá ta ìyá náà lọ́fun, á fi tábà sílẹ̀. Bí kò bá sì fi í sílẹ̀, kí Ọ̀tan-Ilé gbà á. Ó gbé abọ́ náà jáde fún ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀.

"O ṣé é, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. Ó fi ìka rẹ́ inú ìkòkò náà, ó sá a sóòrùn.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó tan ìkòkò náà, ó fà á, ikọ́ sì gbé e. Irú ikọ́ wo rèé! Ìyá náà tẹ̀ kanlẹ̀ lórí àpótí rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ikun ń dà nímú rẹ̀. Akínladé tó ń fọ mọ́tò lójúde sáré wọ ẹ̀yìnkùlé. Kí ó tó débẹ̀, Màmá Àgbékẹ́ ti fi àtàǹpàkò dé ẹnu ìkòkò náà pa kí èéfín má baà jáde, kò sì ṣí i.

"Ẹ ò rí i?" Akínladé pariwo. "Tábà yìí á pa yín sí mi lọ́rùn! Ó tán. Ẹ lọ di ẹrù yín. Lónìí náà ni."

Ìyá náà nu ojú. Ó fi ahọ́n tọ́ ètè wò, ó sì yí ojú bàìbàì rẹ̀ sí ọ̀nà ibi tí Olúwatóyìn dúró sí. Kò sọ̀rọ̀ ata. Ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Kò burú," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, uyàwó, bá mi tan án. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Nílé ọkọ Olúwatóyìn ní Ọ̀tan-Ilé, ẹni tó bá tan ìkòkò fún àgbà ló ń kọ́kọ́ fà á, kí àgbà lè mọ̀ pé kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, wọ́n ní kó ṣe é, ó sì lọ bì lẹ́yìn ilé. Ìyá yìí ló bẹ àwọn àgbà ilé pé kí wọ́n má ní kí ìyàwó òun ṣe é mọ́. Láti ọjọ́ náà, fúnra rẹ̀ ló ń tan tirẹ̀.

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀," ni Akínladé wí.

"Mo ní kó bá mi tan án."

Olúwatóyìn gba ìkòkò náà. Ọ̀pá ìbẹ́pẹ náà tutù fún itọ́, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè sọ ọ́ sílẹ̀ kó fọ́, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ó wo àtàǹpàkò ìyá náà tí iná ti jó pupa. Ó fi ẹ̀mú mú ẹ̀yinná, ó gbé e lé tábà, ó fi ẹnu sí ibi itọ́ náà, ó sì fà á dọ́kàn.

Iná ni. Ọ̀fun rẹ̀ dí, ó kúnlẹ̀, ó ń wúkọ́, ó ń bì. Èéfín náà dé imú Akínladé, òun náà sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ata?" ó ní. "Ta ló fi ata sí i?"

"Èmi ni," Olúwatóyìn wí nígbà tí ohùn jáde. "Èmi ni, Bàbá Dárasími. Ẹ má lé wọn lọ."

Akínladé wò ó bí ẹni tó rí nǹkan ẹlẹ́gbin nínú oúnjẹ rẹ̀. Ó padà sídìí mọ́tò rẹ̀. Olúwatóyìn mọ ojú yẹn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe ń wo ìyá yìí fún oṣù mẹ́ta.

Màmá Àgbékẹ́ fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Pẹ̀lẹ́. Ata yẹn ta o."

Olúwatóyìn dìde, ó fọ ẹnu rẹ̀, ó sì mú àgbàdo tútù kan nínú àpò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀bẹ gé hóró rẹ̀ kúrò, kí eyín ẹnikẹ́ni má kan ṣùkù rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń rùn fún tábà, ó sì ń kó o nírìíra. Ó tu itọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Màmá," ó ní, "ibo lẹ ní kí n lu ihò náà sí?"