Ọmọ Oṣù Méje

"Ó jókòó! Ẹ wá wò ó o, Fọláyẹmí jókòó!"

Bernice kò mọ ìgbà tí igbe náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń gbé ọmọbìnrin rẹ̀ sínú báàfù, tí á fi àkísà há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà wó, nítorí ara ọmọ náà rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Lónìí, orí ẹní ló wà ní ìta, kò sí àkísà kankan. Ó fi ọwọ́ kúkúrú méjèèjì tilẹ̀ níwájú, ó yọ ahọ́n síta.

Ìyá Olúrẹ̀mí, ará ilé kejì, kó àwọn obìnrin àdúgbò sáré dé, ó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. "Olúwa ṣeun! Oṣù mélòó ni báyìí?"

"Oṣù méje ni."

Irọ́ gbuu. Oṣù mọ́kàndínlógún ni. Hezekiah ọkọ rẹ̀ ló yọ ọdún kan kúrò nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé Ọ̀tan wá sí Ìlá. "Tíṣà ni mí," ló wí nígbà náà. "Mi ò lè máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n máa fi tèmi ṣe yẹ̀yẹ́." Ọmọ náà kéré, gbogbo ènìyàn sì gbà bẹ́ẹ̀. Ká sọ tòótọ́, irọ́ náà dùn mọ́ Bernice. Ní Ìlá, kò sẹ́ni tó ń sọ pé ọmọ rẹ̀ pẹ́ kó tó jókòó.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bí Bernice ṣe dáhùn tán gan-an ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti Ọ̀rà dé, ó sọ igbá ẹ̀gúsí rẹ̀ kalẹ̀ láàárín wọn.

"Oṣù méje kẹ̀?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Ìlá, ta ló ń tàn yín jẹ? Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún òun àti Àlàbí, ọmọ Elizabeth ọmọ mi. Àlàbí ti ń sáré kiri, ó ti ń bá mi gbé àpótí ìjókòó. Eléyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó, ẹ wá ń jó! Ṣé ènìyàn lèyí ni?"

Ìyá Olúrẹ̀mí fa ọwọ́ kúrò lórí ọmọ, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó sì fa ọmọ tirẹ̀ tó bá a wá sẹ́yìn kó má baà fara kan Fọláyẹmí. Ìyẹn dun Bernice ju ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ lọ.

Àsìkò náà ni Hezekiah gun kẹ̀kẹ́ ti ilé-ìwé dé.

"Baba Fọláyẹmí," ni Bernice wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn ẹni tó ní ká yọ ọdún kan."

Hezekiah fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá. Ìyàwó mi ló purọ́. Èmi ò mọ̀ sí i." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbé nǹkan yìí wọlé."

Fọláyẹmí wó, ó fi imú lu ẹní, ó figbe ta. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí i. Àwọn obìnrin ti ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bernice kúnlẹ̀. Ó gbé ọmọ náà jókòó padà sórí ẹní, ó bá a fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, ó dì í mú títí ó fi dúró, ó sì fi í sílẹ̀.

"Oṣù mọ́kàndínlógún ni!" Ó pariwo tẹ̀lé wọn, kí ẹni tó kẹ́yìn lè gbọ́. "Ó jókòó lónìí!"