Èjìká Daud

Alhaji Bádéjọ ló fi fídíò náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí mo ṣe ń wọ bàtà lọ́wọ́. Ó ti tó ogún ọdún tí a ti jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà, kò sì sí ọ̀rọ̀ burúkú kan ní gbogbo gúúsù Chicago tí kò ní í fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Alhaji, ẹ má wo eléyìí o." Kí ló wá ń fi ránṣẹ́ sí mi fún?

Mo wò ó. Ọkùnrin mẹ́rin tó wọ kóòtù jókòó lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó jáni kulẹ̀ jù lọ. "Bust" ni wọ́n ń pè wọ́n: ọmọ tí ẹgbẹ́ ńlá sáré mú láti yunifásítì, tí gbogbo ènìyàn ń retí, tí kò wá já mọ́ nǹkan kan. Ẹni kẹfà tí wọ́n kà ni Daud Oyèwùmí. Ọmọ mi ni. Wọ́n fi ibi tó ti ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá hàn lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan nínú wọn sì rẹ́rìn-ín débi pé ó bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nu omi ojú. Mo pa fóònù, mo jù ú sápò. Ẹ̀jẹ̀ mi ti gbóná kí n tó mu tíì.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá ní Ìbàdàn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, Daud sì ni ẹni tó ń jù ú fún àwọn yòókù, tí wọ́n ń pè ní quarterback. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ draft, tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń tò tẹ̀lé ara wọn láti mú ọmọ tuntun, òun ni ẹni kẹrin tí wọ́n dárúkọ nínú gbogbo ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo sunkún lójú gbogbo àlejò. Lóṣù Kẹta ọdún yìí, wọ́n ní kó máa lọ. Láti ìgbà yẹn ló ti padà sí yàrá rẹ̀ àtijọ́ nílé wa ní Flossmoor, tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tó ti ń sùn láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kóòṣì ẹgbẹ́ mìíràn ń bọ̀ wá wò ó. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí agent rẹ̀, aṣojú tó ń bá a wáṣẹ́, pè, ẹyọ kan yìí ló dáhùn. Aago mẹ́wàá ni, ní pápá abẹ́ òrùlé kan lẹ́yìn Richton Park. Bó bá jù ú dáadáa, wọ́n á gbà á. Bí kò bá jù ú dáadáa, kò sí ẹlòmíràn tó ń bọ̀.

Èmi ni mo wa mọ́tò. Muminat ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní shift ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Daud wà lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ òsì tẹ èjìká ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀. A ti ń gba Western Avenue lọ nígbà tí Muminat yíjú sẹ́yìn.

"Dókítà ní mélòó?" Muminat bi í.

"Thirty, Mọ́mì. Thirty hard throws a day, till December." Iṣẹ́ abẹ kejì tí wọ́n ṣe fún èjìká náà kò tíì pé ọdún.

"Ṣé coach yẹn mọ̀?"

"My agent said tí wọn ò bá béèrè, kí n má sọ."

"Ṣé agent ló ni èjìká ni?"

"Muminat, jẹ́ kí ọmọ náà ráyè mí," mo ní. "Coach á mọ ohun tó ń ṣe."

"Daddy Daud, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà, nítorí ohun kan wà tí Muminat kò mọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé e mì.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí Daud bẹ̀rẹ̀ sí í gbá fún ẹgbẹ́ tó mú un ni géńdé méjì gbé e ṣánlẹ̀, tí wọ́n wó lé e lápá ọ̀tún. Lọ́jọ́ kẹrin, ó pè mí níbi iṣẹ́ ní ọ̀sán. Pharmacist ni mí, ilé ìwòsàn ni mo ti ń po oògùn. Ó ní, "Daddy, èjìká mi, something is catching inside. Coach says I'm fine. Kí ni kí n sọ fún un?" Èmi tí mo mọ gbogbo oògùn ìrora lórúkọ, mi ò bi í bóyá wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀. Ohun tí mo bi í ni pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni coach yẹn?" Ó ní ọgọ́ta lé kan. Mo ní, "Ó jù mí lọ nìyẹn. Ṣé ẹni tó ju bàbá ẹ lọ lo fẹ́ máa bá jiyàn? Tó bá ní kó o gbá a, yes sir ni kó o sọ. Lo ibuprofen." Daud ní, "Yes, sir."

Ó gbá eré méje sí i pẹ̀lú èjìká tó ti ya nínú. Bọ́ọ̀lù ń já sílẹ̀, wọ́n ń hó lé e lórí, ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára, pé ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú aṣáájú. Ìgbà tí apá náà kọ̀ tí kò gbé sókè mọ́ ni wọ́n tó là á, gbogbo ènìyàn sì rò pé eré tó gbá kẹ́yìn ló ṣe é léṣe. Ìyá rẹ̀ náà rò bẹ́ẹ̀. Daud kò tú àṣírí mi, èmi náà kò sì jẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe tọ́ ọ. Mo ti rí àwọn ọmọ wa níhìn-ín tó ń sọ "whatever" sí ìyá wọn lójú gbogbo ayé, mo sì búra pé tèmi kò ní í rí bẹ́ẹ̀. Bí àgbà bá ń bá Daud sọ̀rọ̀, ọwọ́ sẹ́yìn, ojú sílẹ̀, yes sir lẹ́nu. Gbogbo mọ́sáláṣí ló ń yìn mí lórí ọmọ yìí. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ìyìn náà gan-an.

Pápá náà tutù, ó ń rùn bíi táyà tuntun. Kóòṣì ti dé ṣáájú wa, bàbá òyìnbó kan tí irun rẹ̀ funfun báláú, tó ń tiro díẹ̀, tó mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Ó kó géńdé méjì dání tí yóò máa sá lọ gba bọ́ọ̀lù. Ó bọ èmi àti Muminat lọ́wọ́, ó ní ká jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ó wá yíjú sí Daud, ó ní ọgbọ̀n ni òun fẹ́ kó jù, ó pọ̀ jù kó lé díẹ̀. Daud kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó wolẹ̀. "Yes, sir."

Muminat mí kanlẹ̀. Ọgbọ̀n. Iye tí dókítà sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Mo yọ tẹ̀sùbáà mi lápò, èyí tó ní hóró mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo sì ń fa hóró kan fún bọ́ọ̀lù kan. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Bọ́ọ̀lù náà ń fò tààrà, ó ń ró pàá lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á. Nígbà tó di ìkẹwàá, kóòṣì ti dẹ́kun ìwé kíkọ, ó kàn ń wò ni. Nígbà tó di ogún, ọ̀kan nínú àwọn géńdé náà gbọn ọwọ́ rẹ̀ nítorí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń gbóná bọ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ ya fídíò, kí n fi ránṣẹ́ sí Bádéjọ.

Ìkarùndínlọ́gbọ̀n ni mo kọ́kọ́ rí i. Daud jù ú tán, ó wá na ọrùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkejìdínlọ́gbọ̀n lọ sókè díẹ̀. Ọgbọ̀n dé, mo rò pé ó tán, ṣùgbọ́n kóòṣì ju ọwọ́ pé kó máa bá a lọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Méjìlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí ìkẹtàlélọ́gbọ̀n kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tẹ̀sùbáà mi tán, ó kan ìlẹ̀kẹ̀ orí. Òógùn bo ojú Daud nínú òtútù yẹn.

Kóòṣì tiro wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó nawọ́ sí ìpẹ̀kun pápá. Ó ní mẹ́wàá péré ló kù, èyí tó jìn, òun fẹ́ rí bí ó ṣe lè jù ú jìnnà tó. "You good, son?"

Daud kó ọwọ́ sẹ́yìn. Láti ibi tí mo jókòó, mo rí i tí ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú pinpin.

"Ó ti kọjá ọgbọ̀n," Muminat ní, ó ti ń dìde. "Mẹ́wàá wo ló tún fẹ́?"

Mo fà á láṣọ. "Jókòó. Má ba ọjọ́ ọmọ yìí jẹ́."

Ó jókòó, ṣùgbọ́n ó wò mí, ìwò tí kì í sábà wò mí. Nígbà náà ni Daud gbójú sókè, kò wo kóòṣì, èmi ló wò. Mo mọ ìwò yẹn. Ohùn orí fóònù ọjọ́ náà ni: Daddy, kí ni kí n sọ fún un? Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo wolẹ̀, mo ń wo tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ló bà mí, kò sí nǹkan mìíràn. Mo fẹ́ kí wọ́n gba ọmọ náà, mi ò sì fẹ́ kí èjìká náà ya, mi ò wá lè yan ọ̀kan.

"No, sir," Daud ní.

Mo gbójú sókè. Ọmọ mi ti tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó ń wo ojú bàbá náà kòrókòró.

"I have thirty a day, sir. I gave you thirty-three." Ó fi ọwọ́ òsì kan èjìká náà. "My first year, it tore in the second game. I said I was good. I played seven more on it. I'm not doing that again."

Kóòṣì pa ìwé rẹ̀ dé. Ó jọ pé inú bí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí Daud. Ó béèrè pé ta ló ní kó máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú èjìká tó ti ya, ṣé dókítà ni, àbí kóòṣì ìgbà yẹn.

"Nobody, sir. Just me." Ọwọ́ rẹ̀ sì padà sẹ́yìn.

"Seven games?" Muminat ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Daud, o jù ú fún seven games, o ò sọ fún èmi ìyá ẹ?"

Daud wolẹ̀. Ó ń bò mí mọ́lẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ pé kí ọmọ máa bo bàbá. Mo lè jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ láéláé. Mo dìde, mo sì sọ ọ́ lédè òyìnbó kí kóòṣì lè gbọ́, "It was me. He called me and asked. I told him to say yes sir."

Muminat kò wò mí. Kóòṣì ló wò mí, ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní pharmacist. Ó mi orí.

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká òsì Daud. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó ju bọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n òun kò lè gbé èjìká tí wọ́n ń ka iye ìgbà tó lè jù lọ bá ọ̀gá òun. Ó ní, ká ní yes ni Daud sọ fún òun lẹ́ẹ̀kan yẹn, ọ̀la ni ìwé àdéhùn ì bá ti wà níwájú rẹ̀ kó fọwọ́ sí i, èjìká yẹn ì bá sì ti bàjẹ́ pátápátá kí Kérésì tó dé. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì tiro lọ.

Ní ìta, Muminat nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo fún un. Daud jókòó síwájú nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn, èmi wọ ẹ̀yìn. A ti dé Sauk Trail kí Muminat tó sọ̀rọ̀, kò sì yíjú padà.

"Ọdún mẹ́ta," ó ní. "Gbogbo àsùbáà ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi ohun tó ṣe ọmọ mi hàn mí. Ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní, ẹ ń ṣe àmín."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ sí. A kọjá Park Forest, a yà sí Western, ilé ti ń súnmọ́, mo sì mọ̀ pé bí a bá wọlé láìjẹ́ pé mo sọ ọ́, n kò ní sọ ọ́ mọ́.

"Daud," mo ní. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Wọ́n ń fi ẹ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, èmi ni mo fà á. Mo bẹ̀ ọ́. Ṣé o ti dárí jì mí?"

Láti ọmọ ọdún méjì, ìdáhùn kan náà, yes sir, ló máa ń fún mi nínú mọ́tò, ohun yòówù kí n bi í. Mo sì ń dúró dè é. Ó ń tì mí lójú láti sọ, ṣùgbọ́n mo tilẹ̀ ti ya ẹnu láti sọ pé Alhamdulillah.

Ó yí gbogbo ara padà lórí ìjókòó. Ó wo ojú mi tààrà.

"No, sir," ó ní. "Kò tíì, Daddy."

Mo ní ó dáa. Èmi ni mo gbé ojú sílẹ̀.