Ọwọ́ Tó Gbé Ẹbí Sókè

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sára ògiri ọ́fíìsì Kọmandan, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso agbègbè wa. Òmìnira, Ìdọ́gba, Ìfẹ́ Ará ni wọ́n kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ẹfun pa á rẹ́, nítorí pé ìjọba mìíràn ti gorí àlééfà nílùú àwọn Faransé láàárín ogun, ìjọba náà kò sì fẹ́ gbọ́ òmìnira sétí. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni Iṣẹ́, Ẹbí, Ilẹ̀ Bàbá. Sùnmọ́nù ògbufọ̀ ló dúró ti àwọn tó ń kọ ọ́. Ibẹ̀ ló ti wá sílé wa, ọ̀dà dúdú ṣì wà ní ìka rẹ̀. Kò jókòó.

Ó ní, "Ìyàwó, ọkọ rẹ kú sójú ogun. Ó kú fún Ilẹ̀ Bàbá."

Ìyá ọkọ mi gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ilẹ̀ bàbá ta ni? Bàbá rẹ̀ ló jókòó yẹn. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ilé yìí. Ta ló bá a jà nídìí rẹ̀?"

Sùnmọ́nù ń wo ìka rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, bí ènìyàn bá kú sí ìdálẹ̀ tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú wá fún wa, a ó sì sin wọ́n bí ẹni ń sin òun fúnra rẹ̀. Bàbá ọkọ mi béèrè fún wọn. Sùnmọ́nù lọ bá Kọmandan, ó sì padà wá sọ pé Kọmandan ní kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣe rí ohunkóhun sin.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ ọkọ mi mọ́ nínú ilé. Ẹnu ìyá rẹ̀ kò gbé e. Ní tèmi, ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ìbáà ṣe nínú ayọ̀, ìbáà ṣe nínú ìbànújẹ́. Bàbá Abíọ́nà ni mo máa ń pè é, nítorí ọmọbìnrin tí a bí. Mo wá rí i pé orúkọ náà ti ń kú tẹ̀ lé ẹni tó ni ín, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Lóru àná ni àlá kan wá gbé mi lọ. Nígbà tí a jókòó láàárọ̀ láti fọ́ ẹkùrọ́, mo rọ́ ọ fún ìyá ọkọ mi àti fún Ìyá Ṣègílọlá, ìyáálé gbogbo wa. Báyìí ni mo ṣe rọ́ ọ.

Mo ní mo ń lọ sí ọ́fíìsì Kọmandan láti béèrè irun àti èékánná. Aṣọ ìsìn mi ni mo wọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ọ́fíìsì kò sí nílẹ̀. Ó ń léfòó lókè àwọn igi ọ̀pẹ, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ ọ̀kan nínú wọn bí ẹni so ewúrẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Mo kàn rò ó pé ọyẹ́ ti dé, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kì í sì í jẹ́ kí nǹkan jókòó jẹ́ẹ́. Mo yá igbà lọ́wọ́ ẹlẹ́mu kan, mo fi gun ọ̀pẹ.

Ìyá Ṣègílọlá ní, "Èèwọ̀! Obìnrin kì í gun ọ̀pẹ."

"Lójú àlá ni, ìyáálé mi."

"Pẹ̀lú aṣọ ìsìn! Kí pásítọ̀ má gbọ́ o."

Mo ní mo wọlé bá Kọmandan. Irùngbọ̀n òbúkọ ló wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó ń jẹ fìlà ara rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọlúwàbí. Sùnmọ́nù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pátákò ló wà lẹ́sẹ̀ òun náà, ṣùgbọ́n ó ti wọ bàtà lé e. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá.

Kọmandan ní, "Mẹ̀ẹ́ẹ̀."

Sùnmọ́nù kọjú sí mi. Ó ní, "Kọmandan ní mẹ̀ẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ó túmọ̀ sí pé kò sí nínú òfin."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé wọ́n kọ́ wa níléèwé míṣọ́nnárì pé kí á máa dúpẹ́. Mo fẹ́ yí padà ni àwọn ọ̀rọ̀ ara ògiri bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Òógùn bo Iṣẹ́ láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, jọ̀wọ́ fún mi lómi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ mí, n kò tíì jókòó." Ilẹ̀ Bàbá ń hanrun. Ó jí díẹ̀, ó ní, "Bàbá ta ni wọ́n tilẹ̀ ní mo jẹ́?" Ó tún padà sùn.

Ẹbí nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Wọn kò fi ọ̀dà kọ ọ́ bíi ti àwọn yòókù. Igi gbígbẹ́ ni, ó tóbi, ó sì wúwo, ọwọ́ méjì ló gbé e sókè. Mo mọ ọwọ́ náà kí n tó rí ojú. Ó dúró lórí àkàbà, ó dé fìlà pupa àwọn sójà. Irun rẹ̀ ti gùn dé èjìká, èékánná rẹ̀ ti gùn kọjá ìka. Ohun tí mo wá béèrè pọ̀ lára rẹ̀ ju èyí tí a nílò lọ.

Mo ní, "Bàbá Abíọ́nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká máa lọ sílé."

Kò wo ìsàlẹ̀.

Sùnmọ́nù ní, "Kò lè sọ̀ kalẹ̀. Bó bá fi lè gbọ́wọ́ kúrò, ẹbí yóò já lulẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ ìjọba."

Mo ní, "Àwa gan-an ni ẹbí rẹ̀. Ilẹ̀ náà la sì wà."

Kọmandan ké fún ìgbà pípẹ́. Sùnmọ́nù ní, "Ó ní òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n èyí tó wà lára ògiri ni ìjọba mọ̀. Ó tún ní sójà tó ti kú kì í gbọ́ nǹkan mìíràn ju orúkọ rẹ̀ lọ. Bí o bá pè é lórúkọ, yóò sọ̀ kalẹ̀."

Mo ní, "Olówó orí mi."

"Ìyẹn kì í ṣe orúkọ."

"Adúmáadán."

Kọmandan rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ ní, "Ìyàwó, tètè o, apá ọkọ rẹ ti ń gbọ̀n."

Bí mo ti ń rò ó, ọ́fíìsì di kíláàsì wa àtijọ́. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀. Ọkọ mi ṣì wà lórí àkàbà níwájú pátákó. Kọmandan ti di olùkọ́, ó ń béèrè lọ́wọ́ kíláàsì pé, kí ni orúkọ ọkùnrin yìí? Ewúrẹ́ ni gbogbo àwọn ọmọ kíláàsì, gbogbo wọn sì na ẹsẹ̀ iwájú sókè. "Èmi mọ̀ ọ́n, Olùkọ́! Èmi, Olùkọ́!" Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti la ẹnu. Ṣé ewúrẹ́ ni yóò wá pe ọkọ mi lórúkọ níṣojú mi? Mo dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì, mo sì pè é.

Òkúta bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ṣègílọlá. "O pè é? Orúkọ rẹ̀ gan-an?"

"Mo pè é, ìyáálé mi."

Ìyá ọkọ mi kò fọ́ ẹkùrọ́ mọ́.

Mo ní ọkọ mi wo ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni?" Nítorí pé nínú gbogbo obìnrin ilé, ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ! Ṣé o ti mọ orúkọ mi látọjọ́ yìí ni?"

Mo ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ ti wá tọrọ mi ni."

Ó gbọ́wọ́ kúrò. Ẹbí kò já. Igi náà dúró lófuurufú, ó ń wò rá-rà-rá bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, lẹ́yìn náà ó gba ojú fèrèsé jáde. Kọmandan àti Sùnmọ́nù ń ké tẹ̀ lé e. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó na ìka rẹ̀ sí mi kí n gé èékánná rẹ̀. Mo wá abẹ títí. Ẹfun ìkọ̀wé nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Mo di ìka náà mú, mo ní kó dúró dè mí, mo ń bọ̀, mo ń bọ̀.

Ni mo bá jí. Ìka Abíọ́nà ni mo dì mú. Ọmọ náà ní, "Ìyá, ó ń dùn mí." Ilẹ̀ ti mọ́. Lóde, òbúkọ ilé kejì ti wọ àgbàlá wa, ó ń jẹ fìlà tí bàbá ọkọ mi sá sórí okùn.

Ibẹ̀ ni mo rọ́ àlá náà dé.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó."

"Ìyá."

"O pè é lójú àlá."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"N kò bínú. Èmi tí mo sọ ọ́ lórúkọ, n kò lè pè é mọ́. Mò ń bẹ̀rù pé bí mo bá pè é, tí kò bá wá dáhùn..." Ó fi ọwọ́ gbá èèpo ẹkùrọ́ jọ síwájú rẹ̀, ó sì tún tú u ká. "Ìwọ pè é, kí n gbọ́."

Mo wo Ìyá Ṣègílọlá. Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Etí mi ti di láti àárọ̀. Èmi kò ní gbọ́ nǹkan kan."

Mo gbé òkúta sílẹ̀, mo nu ọwọ́ mi nù lára ìró, mo kúnlẹ̀.

"Ọláìtán."

Ìyá rẹ̀ ló bá a jẹ́ ìpè náà.