Fayolíìnì Tí Kò Ní Téèpù

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè múnú bí mi tó ìyá mi. Tí mo bá ń kọ́ ọ ní fayolíìnì, èmi ni tíṣà, òun ni ọmọ iléèwé. A ti jọ fẹnu kò sí i. "Tíṣà, ẹ má bínú," ni yóò máa wí. Kí ẹ̀kọ́ tó parí tán, ó ti yíjú padà: "Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń jágbe mọ́ bẹ́ẹ̀?"

Òfin mi kò pọ̀. Ẹni tí kò bá tíì fi ẹnu kọ orin kò gbọdọ̀ fi fayolíìnì ta á. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, mo máa ń lẹ téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọrùn fayolíìnì, kí ìka lè mọ ibi tí yóò tẹ̀. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti ṣí ti Màmá kúrò, àmọ́ kò gbà. "Tẹ́ ẹ bá ṣí i, mo dákú nìyẹn."

Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ẹgbẹ́ onífayolíìnì ìlú. Láti ìgbà tí Màmá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ti ń fojú sọ́nà fún un. Lọ́jọ́ ìdánwò, mo gbé tèmi dání ká lè jọ dán orin wò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dúdú ni àpótí méjèèjì, wọn ò yàtọ̀. Wọ́n pe Màmá, ara rẹ̀ ò balẹ̀, ó ki àpótí kan mọ́lẹ̀, ó wọlé, ilẹ̀kùn padé.

Mo ṣí èyí tó kù. Téèpù! Ti Màmá ló wà níwájú mi; tèmi, tí kò ní àmì kankan lọ́rùn, ló gbé lọ. Mo sáré di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Mo fetí sí ohun tó ń lọ nínú yàrá.

"Ṣé kò sí wàhálà, Màmá?" ni ọkùnrin tó ń dán an wò bi í.

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀," ni ìyá mi dáhùn. "Tíṣà mi ní kí n kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń kọ ọ́ tó bá ń fọ abọ́. Lẹ́yìn náà, fayolíìnì mi gbe orin náà. Ìka rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣi ibi tẹ̀ díẹ̀, Màmá gbọ́ ọ, ó tún un ṣe, ó sì ń lọ! Háà, ìyá mi! Mo ń fò sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ débi pé akọ̀wé tó ń kọjá bi mí bóyá nǹkan ló ta mí.

Màmá jáde, òógùn ti bò ó. "Wọ́n gbà mí! Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀!"

Mo dì mọ́ ọn. "Ṣé ẹ rí i pé fayolíìnì mi lẹ gbé wọlé?"

"Mo rí i. Díẹ̀ ló kù kí n figbe ta."

Ó jókòó, ó gbé tirẹ̀ lé itan, ó wo àwọn téèpù náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wá nà án sí mi.

"Tíṣà, ẹ bá mi ṣí i."

Omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa. Mo fi èékánná họ téèpù àkọ́kọ́.

"Rọra!" ni ìyá mi jágbe mọ́ mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò mọ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ ló ni fayolíìnì yẹn ni?"